Iṣáì ní Ìlú Tí Ilẹ̀ Kì í Ṣú

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló gbé ọmọ àáfà láti Pàkátà ní Ìlọrin dé Rọ́ṣíà, n kò ní purọ́ fún yín: odò ni. Àwọn tí a jọ gba sìkọ́láṣíìpù ìjọba nígbà náà ń wo orúkọ yunifásítì, wọ́n ń bi ara wọn pé èwo ló lókìkí jù. Odò ni èmi ń wò. Tíṣà tó kọ́ wa ní jọ́gíráfì ti sọ fún wa pé odò ńlá kan wà ní Lẹ́níńgíráàdì tí omi rẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù, tí èèyàn yóò máa rìn lórí rẹ̀, tí ọkọ̀ pàápàá lè gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo kíláàsì fi tíṣà ṣẹ̀rín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Odò Asà ni mo mọ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, n kò sì lè gbé e kúrò lọ́kàn pé omi kan wà láyé tí èèyàn lè dúró lé lórí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ilẹ̀ mẹ́ta ló wà fún mi láti yàn, àwọn ará ilé wa sì ti mú tiwọn kí n tó lanu. Íjíbítì ni ti Bàbá mi. Bàbá ní ilé-kéú lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, bàbá tirẹ̀ ló gbé e fún un, lójú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kàwé tí yóò wúlò fún un láyé àti lọ́run, Káírò ló ń lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ti ẹ̀gbọ́n mi Yahaya, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Yahaya gbà pé ẹni tí kò bá tíì dé Lọ́ńdọ̀nù kò tíì kúrò nílé. Rọ́ṣíà ni ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹni tó bá mi fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìrun Alaasárì ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí sí iwájú yàrá Bàbá.

"Kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀?" Ìyá mi ló kọ́kọ́ béèrè.

"Búrẹ́dì dúdú," ni Yahaya dá a lóhùn, bí ẹni tó ti jẹ ẹ́ rí.

"Búrẹ́dì dúdú? Ta ló jó o?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé wọ́n ń pe ìrun níbẹ̀?"

"Bàbá, wọ́n ní àwọn mìíràn níbẹ̀ ò tilẹ̀ gbà pé Ọlọ́run wà," ni Yahaya wí. Ó fẹ́ kí n yan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, mo mọ̀.

Bàbá yíjú sí mi. "Àwọn lo wá fẹ́ lọ bá gbé?"

Mo ní iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ni mo fẹ́ kọ́, pé wọ́n mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀yin ti mọ èyí tó kù. Bàbá ti ránṣẹ́ sí ọmọ kéú rẹ̀ àtijọ́ kan tó ń gbé ní Káírò pé kó bá mi wá àyè, àyè náà yóò sì ṣí lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Rọ́ṣíà, ọdún àkọ́kọ́, èdè wọn nìkan ni wọn yóò máa kọ́ wa. Yahaya ló wá bá mi bẹ̀bẹ̀ nígbà tó rí i pé ọwọ́ òun kò ní tẹ Lọ́ńdọ̀nù: ó ní kí Bàbá jẹ́ kí n lọ fi ọdún kan yẹn wò ó.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ọdún kan. Bí ó bá pé, ohun kan péré ni màá bi ọ́. Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ kí o kírun márààrún, ọ̀kọ̀ọ̀kan lákòókò tirẹ̀? Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, dúró síbẹ̀, mo yọ̀ǹda rẹ. Bí o bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di Káírò."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbà. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Èmi rò pé èèyàn nìkan ló lè dí èèyàn lọ́wọ́ ìrun, mo sì ti múra sílẹ̀ fún èèyàn. N kò mọ̀ pé oòrùn fúnra rẹ̀ yóò dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí ní Lẹ́níńgíráàdì kì í ṣe òtútù. Àtẹ̀gùn ni. Wọ́n mú wa gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé láti lọ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo sì rí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, tó ń kó èèyàn lọ sínú ilẹ̀, àwọn kan ń bọ̀ lókè, àwọn kan ń lọ sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin dúró lé e lórí, wọ́n ń ka ìwé. Mo di ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn náà mú gírígírí. À ń lọ, à ń lọ, ìsàlẹ̀ kò dé. Ìgbà tó dé, ibi tí mo rò pé yóò ṣókùnkùn bí inú kànga, àtùpà ńlá onígíláàsì ló so rọ̀ lókè, òkúta dídán ló wà lára ògiri, ó lẹ́wà ju ààfin ọba èyíkéyìí tí mo ti rí lọ. "Sùbúhánàlàhì!" Mo pariwo rẹ̀ tí ìyá àgbà kan fi yíjú wò mí. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ṣe gbogbo ẹwà yìí sí, fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́!

Ẹni tí wọ́n fi sínú yàrá kan náà pẹ̀lú mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ni Sásà, ọmọ abúlé kan tó jìnnà, onírun pupa, tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, n kò gbọ́ Rọ́ṣíà. Yóò nàka sí ṣíbí, yóò dárúkọ rẹ̀, èmi yóò sọ ọ́ tẹ̀lé e, yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Àárín ọ̀sẹ̀ kejì, ó bá mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi níbi tí mo gbé ń ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ mi wà nínú bàsíà. Ó ti rí mi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ó ti rí mi bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Ó wò mí tàánútàánú, ó jáde, ó sì padà wá pẹ̀lú agolo òróró ìpara kékeré kan. Ó jókòó, ó fẹ́ bá mi fi pa ẹsẹ̀ náà. Ó ti rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn mí láti ọjọ́ yìí wá.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, lẹ́yìn náà mo wá rí i pé kì í ṣe gbogbo omi náà ló jẹ́ ti ẹ̀rín. Ẹnìkan ti ń kíyè sí mi.

Nítorí ohun tó le jù fún mi nínú oṣù wọ̀nyẹn nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó ń kíyè sí mi. Ní Ìlọrin, n kò lè rìn láti Pàkátà dé Ọjà Tuntun kí wọ́n má bi mí léèrè bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ṣé àlàáfíà ni Àáfà wà? Níbo lo ń lọ lákòókò yìí? Kí ló dé tí fìlà kò sí lórí rẹ? Nígbà tí mo wà nílé, ó máa ń sú mi. Ní Lẹ́níńgíráàdì, mo lè rìn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé mo jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí níhìn-ín, lábẹ́ àyà. Mo ń wá ẹni tí yóò bá mi wí.

Ọlọ́run sì fi ẹni náà ránṣẹ́. Yìnyín ti ń bọ́, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ṣọ́bìrì kó o kúrò ní àgbàlá láàárọ̀, mo sì ń lọ ra búrẹ́dì láìdé nǹkan kan sórí. Ìyá àgbà kan dá mi dúró lójú títì. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ó nàka sí orí mi, ó nàka sókè ọ̀run, ó fa sìkáàfù tó wà lọ́rùn mi, ó sì fi wé mi lórí títí kan etí, ó so ó tipátipá lábẹ́ àgbọ̀n mi bí ìgbà tí wọ́n ń so ọmọ kékeré. N kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta lọ nínú èébú náà. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dọ̀bálẹ̀ fún un lórí yìnyín. Ó ké, ó rò pé mo ti ṣubú lulẹ̀, ó ń fà mí dìde, èmi ń sọ fún un ní Yorùbá pé ẹ ṣeun mà. Lọ́jọ́ náà ni mo kọ́kọ́ béèrè búrẹ́dì lẹ́nu ara mi láìnàka, ọmọbìnrin tó ń tà á sì gbọ́ ohun tí mo wí. Mo gbé búrẹ́dì dúdú náà sáyà wọlé bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Ààwẹ̀ wá dé. Bàbá kọ̀wé pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Alhaji Garba, tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ wá láti òkè Ọya, tó ń ta awọ nítòsí Post Office, ní tẹlifóònù ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ní kí n pe ibẹ̀ lẹ́yìn Mọ́gàríbì ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀. Èmi náà lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù lọ sọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún mi ní àkókò tí mo fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Ìlọrin kì í fi aago ṣe àdéhùn. Àá ní, wá bá mi lẹ́yìn Àyílà. Àá ní, ó di ẹ̀yìn Iṣáì. Ẹni tó sọ ọ́ mọ̀ ọ́n, ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ parí. Mo yege nínú jọ́gíráfì, mo mọ̀ pé aago ilẹ̀ kan kì í bá ti ilẹ̀ kejì mu. Síbẹ̀, kò wá sí èmi tàbí Bàbá lọ́kàn pé Mọ́gàríbì ju ẹyọ kan lọ láyé.

Ní Lẹ́níńgíráàdì, lákòókò òtútù, oòrùn a máa yọ bí ẹni tí wọ́n fipá jí, yóò rìn lórí òrùlé ilé díẹ̀, yóò sì padà lọ sùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, ó wọ̀ nígbà tí a ṣì wà ní kíláàsì ọ̀sán. Mo fi ṣúgà ṣínu lábẹ́ tábìlì, mo wá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan kí Mọ́gàríbì, mo sì sáré lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù. Wọ́n pè mí sínú àpótí onígíláàsì. Lẹ́yìn ariwo bí ti afẹ́fẹ́, mo gbọ́ ohùn Alhaji Garba.

"Alhaji, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé Bàbá ti dé?"

"To! Ìwọ nìyẹn? Màṣàálà! Ohùn rẹ dà bíi ti ẹni tó wà nínú kòtò. Bàbá rẹ ò tíì dé o. Ṣebí lẹ́yìn Mọ́gàríbì lẹ fi í sí."

"Lẹ́yìn Mọ́gàríbì ni, Alhaji. Mo ti kí i."

"O ti kí kí ni?"

"Mọ́gàríbì. Mo ti ṣínu."

"Haba! Jímọ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ kí dé yìí, omi àlùwàlá ò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ mi. Ìwọ ti ṣínu? Ọmọ àáfà! Ṣé ara rẹ le ṣá?"

"Ilẹ̀ ti ṣú níbí ni, Alhaji."

"Ilẹ̀ ṣú báwo? Oòrùn ń ta mí lórí níbi tí mo wà yìí!"

Ibẹ̀ ni àkókò mi pé, tẹlifóònù dákẹ́. Mo dúró sínú àpótí náà, ọwọ́ mi wà lórí tẹlifóònù, ìgbà náà ni mo wá mọ ohun tí mo ṣe.

Lẹ́tà Yahaya ló sọ èyí tó kù fún mi. Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn Mọ́gàríbì tiwọn, ó jókòó ti tẹlifóònù títí wọ́n fi pe Iṣáì. Alhaji Garba, tí kì í lè pa làbárì mọ́nú, sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti pè, pé ó ní òun ti ṣínu nígbà tí Ìlọrin ń ti mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ bọ̀. Ìyá mi bú sẹ́kún, ó ní wọ́n ti fún ọmọ òun lọ́tí mu. Bàbá kò fọwọ́ kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní ẹni tó ń jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀, tó tún ń pè é ní ìṣínu, ilẹ̀ kò gbà á nìyẹn, kí n má wulẹ̀ dúró kí ọdún pé. Yahaya fi tirẹ̀ kún un ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà: òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aago ni, òun yóò gbìyànjú láti bá Bàbá sọ ọ́, kí n ní sùúrù.

Inú mi bàjẹ́, inú sì tún bí mi. Sásà rí ojú mi, kò bi mí léèrè. Ó wọ bàtà, ó ju bàtà tèmi sí mi, ó ní kí n máa bọ̀. À ń rìn títí a fi dé etí odò ńlá náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti etídò, ó sì ń lọ lójú omi bí ẹni ń lọ lójú títì. Àwọn ọmọdé wà láàárín odò, wọ́n ń sáré. Bàbá arúgbó kan gbé àpótí jókòó lójú odò, ó gbẹ́ ihò síwájú ara rẹ̀, ó ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja nínú ihò.

N kò lè sọ fún yín bí ó ti rí lára mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan sójú omi náà, mo gbé e kúrò. Sásà na ọwọ́ sí mi. Mo ní Bìsìmílà, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé omi, omi sì gbà mí. Mo rìn. Nígbà tí mo dé àárín, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ nu yìnyín kúrò, mo ń wo ìsàlẹ̀, ó dúdú, ó jìn, mo sì mọ̀ pé odò ṣì ń ṣàn lọ lábẹ́ orúnkún mi. Mo ronú pé bí Bàbá bá wà níbí báyìí, kò ní bá mi jà. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé mo rí irú nǹkan yìí, èmi nìkan, láìsí ẹnì kan láti ilé wa tí a óò jọ wo ara wa lójú.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo pè, aago méje alẹ́ Ìlọrin ni a fi í sí, Yahaya ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Bàbá ló gbé e.

"Yahaya gbé àtùpà kalẹ̀, ó ń yí ọsàn po níwájú rẹ̀, ó ní ọsàn náà ni ayé," ni Bàbá wí láìkí mi tán. "Ó ní ìwọ wà lápá òkè ọsàn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ dé. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ààwẹ̀ tìrẹ wá kúrú nìyẹn. Ǹjẹ́ ebi tilẹ̀ pa ọ́?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ pa mí, Bàbá."

"Ọlọ́run dín in kù fún ọ." Mo gbọ́ tí Alhaji Garba ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ṣùgbọ́n ọdún ò tíì pé o. Ìrun márààrún, lákòókò. Má gbàgbé."

N kò gbàgbé. Gbogbo ìgbà òtútù náà, ìrun ń lé ara wọn kiri lọ́sàn-án kékeré yẹn, Àyílà kò tíì tán lẹ́nu tí Alaasárì fi dé, mo sì ń kí wọn ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ní yàrá ìwé, nígbà kan láàárín àwọn kóòtù níbi tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Mo rí mọ́ṣáláṣí kan pẹ̀lú, olórí búlúù rẹ̀ ga ju gbogbo ilé ìtòsí lọ, àwọn bàbá arúgbó láti ẹ̀yà Tátárì, tí í ṣe Mùsùlùmí ilẹ̀ náà, ló ń kírun níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, wọ́n fi mí sáàárín, wọ́n ń fọwọ́ kan ojú mi, wọ́n ń pè mí ní Bìláálì, adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ pe ìrun fún Ànábì. Mo ṣírò pé mo ti borí. Rọ́ṣíà ti di tèmi.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó wọ̀. Inú gbogbo èèyàn ń dùn, wọ́n ń bọ́ kóòtù, wọ́n ń jókòó sí páàkì. Èmi nìkan ni inú mi kò dùn, nítorí bí oòrùn ti ń pẹ́ ni Iṣáì ń sá fún mi. Iṣáì kì í tó kí àfi bí pípupa ojú ọ̀run bá tán lẹ́yìn Mọ́gàríbì. Ojú ọ̀run kò wá fẹ́ dúdú mọ́. Nígbà tí oṣù kẹfà yóò fi dé, oòrùn a wọ̀ nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ti ń lọ sùn, pípupa rẹ̀ yóò wà lójú ọ̀run, yóò rọra máa rìn lọ sápá ibòmíràn, kí n tó mọ̀, òun kan náà ti di pípupa òwúrọ̀. Mo ń dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó. Ó lẹ́wà débi tí ó fi ń dẹ́rù bà mí. Gbogbo ìlú funfun bí ìdájí, àwọn èèyàn ń rìn létí odò, wọ́n ń kọrin, bẹ́ẹ̀ Iṣáì kò sí níbì kankan.

Mo bi àwọn bàbá Tátárì. Wọ́n pín sí méjì lójú mi. Àwọn kan ní ìrun tí àkókò rẹ̀ kò dé kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo gbọ́ pé àwọn baba wọn ti ń jà á kí wọ́n tó bí wọn.

Yahaya kọ̀wé pé àyè Káírò ti ṣí, pé Bàbá ń retí ìdáhùn mi. Nígbà yẹn, ẹ̀rù ohun tí màá pàdánù ti wá tóbi lójú mi. Mo ti gbọ́ èdè wọn. Mo ti ní ọ̀rẹ́. Wọ́n ti gbà mí síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ omi, mo ti rí yàrá kan níbẹ̀ tí wọ́n mọ odò kékeré sí, tó ń ṣàn, tí wọ́n fi ń dán ìsédò wò. Mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn.

"Bàbá rẹ kò sí níbí," ni Sásà wí. "Sọ fún un pé ilẹ̀ ń ṣú. Ta ni yóò sọ fún un?"

Mo ní bàbá tí mo ní kì í ṣe ẹni tí mo lè purọ́ ìrun fún. Sásà ronú sí i, ó ní òun náà ní irú bàbá bẹ́ẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ màlúù ni.

Mo pè. Ilẹ̀ ti ṣú ní Ìlọrin, wọ́n ti kí Mọ́gàríbì. Ní tèmi, oòrùn ń wọlé tààrà láti fèrèsé ọ́fíìsì tẹlifóònù, ó tàn sórí ẹsẹ̀ mi nínú àpótí gíláàsì.

"Ọdún ti ń pé," ni Bàbá wí. "Kí ni ìdáhùn?"

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Mẹ́rin kí ni?"

"Ìrun mẹ́rin ni mo ń rí kí lákòókò. Láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Iṣáì kò dé mọ́. Ilẹ̀ kì í ṣú níbí, Bàbá. Pípupa alẹ́ ń di pípupa òwúrọ̀ lójú mi. N kò fẹ́ kúrò níbí. Mo fẹ́ràn ibí gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bi mí nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì nìyẹn."

Ariwo bí ti afẹ́fẹ́ nìkan ni mo gbọ́, mo rò pé tẹlifóònù ti já. Mo ń pe Bàbá, Bàbá.

"Mo wà níbí. Kí lo ń rí báyìí?"

"Oòrùn, Bàbá."

"Báyìí? Bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí?"

"Ó wà lójú fèrèsé. Ó ń tàn sí mi lára."

Mo gbọ́ tó gbé ẹnu kúrò. "Garba, ó ní oòrùn ń tàn sí òun lára." Alhaji Garba ní, "Haba, Àáfà!" Bàbá padà wá. Ó bi mí báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ti rí. Mo ní ó pupa bí epo tuntun, pé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà lọ, kì í já wálẹ̀ bíi tiwa. Ó ní bí ó bá wá wọ̀ ńkọ́, ṣé èèyàn lè ríran? Mo ní mo lè ka Kùránì lójú fèrèsé láìtan iná. Ó ní àwọn ẹyẹ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń sùn? N kò mọ̀. N kò tíì ronú kan ẹyẹ rí. Ó ń béèrè, ó ń béèrè, n kò gbọ́ ohùn bàbá mi bẹ́ẹ̀ rí, bí ohùn ọmọ kéú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá.

"Sùbúhánàlàhì," ló wá wí, ó rọra wí i. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé agbára Ọlọ́run kò lópin. Àṣé ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́."

Omi ń dà lójú mi, àwọn tó wà lórí ìlà lóde ń wò mí láti inú gíláàsì.

"Gbọ́," ni Bàbá wí, ó ti padà di àáfà. "Mọ́gàríbì ní àmì tirẹ̀, dúró kí oòrùn wọ̀. Iṣáì tí àmì rẹ̀ sọnù, àwọn àáfà àgbà ní kí a fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ó ti ń pẹ́ tó láàárín méjèèjì níbí, kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. O sì mọ ìwọ̀n náà. Kí lẹ máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà mi lẹ́yìn Mọ́gàríbì, títí Iṣáì fi ń dé?"

"A máa ń ké kéú, Bàbá."

"Ké e. Bí o bá ké e tán, dìde, kí o kí Iṣáì. Àkókò rẹ̀ ló tó yẹn."

"Káírò ńkọ́, Bàbá?"

"Kí ni mo fẹ́ gbọ́ ní Káírò tí n kò tíì gbọ́? Dúró sí ibi tí o wà, mo yọ̀ǹda rẹ. Bí oòrùn yẹn bá tún ṣe nǹkan mìíràn, kí o pè mí."

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo kí Mọ́gàríbì, mo jókòó sórí ẹní lójú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéú láti ibi tí a máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé, pẹ̀lú ohùn tí a fi ń ké e nílé. Sásà pa ìwé rẹ̀ dé, ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí Bàbá máa ń ní ó tó, mo dìde. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, àwọn ẹyẹ ń fò lórí òrùlé, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo wọ inú Iṣáì.